Àjèjì Tí Ń Ṣiṣẹ́ Láàárín Wa

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

Ibi Kíkà: Rúùtù 2:1-16, Léfítíkù 19:33-34, Deutarónómì 24:14-22.

Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ òtítọ́ nípa àwọn tí ń gbé ìlú onílùú láìní ìwé, kí a mọ ohun tí wíwà wọn ń ṣe sí iṣẹ́ àti ọrọ̀ ajé, kí olúkúlùkù wa sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe nínú ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, mo fẹ́ kí olúkúlùkù wa rántí ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ tàbí lórí àpótí aṣọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní àpò ńlá kan níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ike hun, tí ó ní ilà pupa, ilà búlúù àti funfun, tí ó sì ní síìpù lókè. Òun ni a fi ń kó aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí ìpàdé ọdọọdún. Òun náà ni a fi ń kó ẹ̀wà àti gààrí ọjọ́ ìkórè wá sí ilé Ọlọ́run. Bí a bá rán ọmọ pé kó lọ gbé e wá, Ghana Must Go ni a máa ń pè é. Àwọn ọmọ wa kò mọ ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kì í sì í fẹ́ sọ ọ́.

Inú orúkọ àpò yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti jáde. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ níbi gbogbo: "Àwọn àjèjì ni wọ́n ń gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́." A ń gbọ́ ọ ní Èkó nípa àwọn tó wá láti Benin, Togo àti Niger. Wọ́n ń sọ ọ́ ní London àti ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọmọ wa. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn kan wọ́de ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa bá tiwọn lọ, títí tí Ààrẹ Mahama fi ní láti sọ pé ìjọba òun kò fara mọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí? Bí a bá lé àjèjì lọ, ṣé iṣẹ́ yóò pọ̀ fún ọmọ onílùú? A kò ní láti méfò, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ojú wa. Wọ́n lé àwa náà rí, àwa náà sì lé ẹlòmíràn.

1. Ìgbà Tí Wọ́n Lé Wa

Kùmásì ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti lọ síbẹ̀. Kì í ṣe àwọn nìkan ló lọ. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti Ìnísà ni àwọn ènìyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Gold Coast, kó tó di pé ó ń jẹ́ Ghana. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ilẹ̀ méjèèjì nígbà náà, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹni. Alata ni àwọn onílùú ń pè wá. Nínú ìkànìyàn ọdún 1960, àwọn àjèjì tó wà ní Ghana lé ní 800,000, ìyẹn nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ènìyàn ibẹ̀. Àwọn Yorùbá tó wà nínú wọn lé ní 100,000. Òwò kéékèèké ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ń ṣe: aṣọ, abọ́, ọṣẹ, ìlẹ̀kẹ̀ àti irinṣẹ́. Wọn a máa gbé ọjà dé abúlé tí ọkọ̀ kì í dé, wọn a sì máa tà á láwìn títí di ìgbà kòkó.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba K. A. Busia, tí kò tíì pẹ́ lórí àga, pàṣẹ pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó fi ìlú sílẹ̀. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi tẹ́wọ́ gba àṣẹ náà ni pé iṣẹ́ wọ́n, ọjà gbówó lórí, wọ́n sì ń sọ pé àjèjì ló gba ọjà mọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan níbí. Bàbá mi ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún ní Kùmásì. Ó ń san owó orí, ó ní ilé ìjọsìn, ó ní àwọn tó ń bá nájà. Lálẹ́ ọjọ́ 17, oníṣòwò ni. Láàárọ̀ ọjọ́ 18, ó ti di arúfin, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ìwé ló yí padà, kì í ṣe ìwà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní àjèjì tí kò bófin mu. Wọn kò jí wọlé. Òfin ló yí mọ́ wọn lórí, tàbí ọjọ́ tí a fún wọn ló pé.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo rántí bí ìyá mi ṣe ń ta abọ́ tánganran rẹ̀ ní iye tí ẹni tó ń rà á bá dá. Àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè kò yọjú mọ́. Ó ní máṣìnnì ìránṣọ kan tó fẹ́ràn gidigidi. Aládùúgbò kan rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó tí kò tó ra àpò gààrí kan. Obìnrin náà kò bú wa, kò sì bá wa jà. Ó kàn mọ̀ pé ìyá mi kò lè gbé e. Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, a di àjèjì lẹ́ẹ̀kejì, nítorí àwọn ọmọ ilé ń fi èdè wa ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè wá ní ará Ghana.

2. Ìgbà Tí Àwa Náà Lé Ẹlòmíràn

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ní ọdún 1973 sí 1974, epo rọ̀bì gbówó lórí ní gbogbo àgbáyé, owó sì ya wọ Nàìjíríà. Ilé ń ga, títì ń gùn, ilé ẹ̀kọ́ ń pọ̀, òṣìṣẹ́ kò sì tó. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn àjọ ECOWAS ní Èkó. Ní ọdún 1979 wọ́n fi kún un pé ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ní àkókò yẹn kan náà, nǹkan le ní Ghana. Àwọn olùkọ́, bíríkìlà, télọ̀, aṣebàtà àti òṣìṣẹ́ ilé wá sọ́dọ̀ wa ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹ rántí ẹni tó kọ́ yín ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Fún ọ̀pọ̀ nínú yín, ará Ghana ni.

Lẹ́yìn náà ni epo já wálẹ̀. Ní 1980, Nàìjíríà ń fa nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àgbá epo lójúmọ́. Ní 1983, kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti 200,000 lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ti ṣe òfin ìfúnra-ẹni-ní-bẹ́líìtì, wọ́n dín ọjà tí ń wọlé láti òkè òkun kù. Àwọn ilé iṣẹ́ kò rí èlò mọ́, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Ọdún ìdìbò sì ni 1983. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò nílùú títí ìparí oṣù. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni, gẹ́gẹ́ bí ti Ghana. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rí oṣù kan sí i. Ìjọba mẹ́nu ba àìríṣẹ́ṣe, olè jíjà, àti rògbòdìyàn Maitatsine tó ṣẹlẹ̀ ní Kano ní 1980, tí olórí rẹ̀ ti Cameroon wá.

Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ló lọ, àwọn ará Ghana tó wà nínú wọn sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Ojú ọ̀nà Seme kún fún èrò. Ìjọba Ghana ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Nítorí náà Togo àti Benin náà ti tiwọn, kí èrò má bàa há sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ènìyàn sùn sí gbangba pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, láìsí omi, títí ọ̀nà fi ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Inú àpò onílà wọ̀nyẹn ni wọ́n kó ẹrù sí. Báyìí ni àpò náà ṣe gba orúkọ.

Èkó ni a ń gbé nígbà náà. Obìnrin ará Ghana kan wà nínú ọgbà wa, télọ̀ ni. Ó bá ìyá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kó ra máṣìnnì ìránṣọ òun. Ìyá mi dá iye kan, obìnrin náà wò ó lójú, ó gbà á, ó sì lọ. Iye náà kò tó ìdá mẹ́rin owó máṣìnnì. Ó pẹ́ kí ìyá mi tó sọ fún mi pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni òun rántí aládùúgbò wa ní Kùmásì. Ó ní, "Mo ti di obìnrin yẹn, n kò sì mọ̀." Títí ó fi kú, kò fi máṣìnnì náà ránṣọ títà. Èmi ni mo jogún rẹ̀, ó wà ní yàrá mi.

3. Ǹjẹ́ Iṣẹ́ Wá Pọ̀ Sí I?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó tẹ̀lé e ní ìlú méjèèjì, nítorí ibí ni ẹ̀kọ́ wa dúró lé.

Ní Ghana, àwọn olóko kòkó kò rí alágbàṣe mọ́, nítorí àwọn àjèjì láti Upper Volta, èyí tí a ń pè ní Burkina Faso báyìí, àti láti Niger àti Nàìjíríà ló ń ṣán oko tí wọ́n sì ń ká kòkó. Ìsọ̀ ṣófo nínú ọjà. Lóòótọ́, àwọn ọmọ ìlú kan rí ìsọ̀ gbà, a kò gbọ́dọ̀ sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbígba ìsọ̀ yàtọ̀ sí mímọ ibi tí ọjà ti ń wá àti ẹni tó ṣeé tà láwìn. Ọrọ̀ ajé kò gòkè. Ní oṣù kejìlá ọdún 1971, ìjọba dín iye owó cedi kù gan-an. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972, àwọn ológun gba ìjọba.

Ní Nàìjíríà, kò tó ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn àjèjì lọ tí ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983. Ní ọdún 1984 ìjọba fúnra rẹ̀ dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ rántí, ẹ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń tò sórí ìlà nítorí ọṣẹ, mílíìkì àti ṣúgà. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 1985, wọ́n tún lé nǹkan bí 700,000 àjèjì. Síbẹ̀, ní ọdún 1986, ètò SAP dé, owó náírà já, gbogbo wa sì mọ ohun tí ojú wa rí.

Kí ló dé tí lílé kò fi mú iṣẹ́ wá? Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní, iṣẹ́ kò dà bí ẹran inú ọbẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá mú ọ̀kan, ó dín ti ẹlòmíràn kù. Àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ ń jẹun. Ó ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ wa, ó ń gba yàrá, ó ń wọ ọkọ̀, ó ń gé irun. Ọjọ́ tó bá lọ, oníyàrá, olóúnjẹ àti awakọ̀ pàdánù oníbàárà.

Èkejì, iṣẹ́ ẹnìkan ni ó ń gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn dúró. Bí alágbàṣe kò bá ká kòkó, awakọ̀ kò rí ẹrù, agbowóṣòwò kò rí kòkó rà, oníṣòwò aṣọ kò sì rí ẹni tó ní owó lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, ohun tó pa iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n lé lọ. Owó epo àti àìsí èlò ló ti ilé iṣẹ́ pa. Ẹni tí orí ń fọ́, tó lọ ń fi oògùn pa ẹsẹ̀, orí rẹ̀ kò ní yé fọ́.

4. Ibi Tí Ìpalára Wà Gan-an

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ purọ́ fún ara wa pé kò sí ìpalára rárá. Ó wà, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé agbaṣẹ́ṣe kan ń kọ́lé. Ó fẹ́ gba bíríkìlà méjì. Ọmọ ìlú ní òun yóò gba 10,000 náírà lójúmọ́. Ẹnìkejì ti ẹnubodè wá, kò ní ìwé. Agbaṣẹ́ṣe ní, "5,000 ni màá fún ọ. Bí o bá jiyàn, màá pe Immigration." Ọkùnrin náà gbà, nítorí kò lè lọ sí ilé ẹjọ́, kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, agbaṣẹ́ṣe sọ fún ọmọ ìlú pé, "Ẹlòmíràn ń gba 5,000, bóo bá fẹ́, gbà á." Báyìí ni ọ̀yà ọmọ ìlú ṣe já wálẹ̀. Òun náà yóò dojú ìbínú kọ ẹni tó ti ẹnubodè wá. Kò ní wo ojú agbaṣẹ́ṣe, ẹni tí 5,000 wà nínú àpò rẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ fi èyí sọ́kàn: àìníwèé àjèjì kì í fún un ní agbára láti gba iṣẹ́ wa. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún ẹni tó gbà á síṣẹ́ ní agbára láti rẹ́ ẹ jẹ, kí ó sì fi í rẹ́ àwa náà jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo iṣẹ́ ọmọ onílùú, ọ̀yà òdodo fún àwọn méjèèjì ni kó kọ́kọ́ béèrè. Bí àjèjì bá ń gba iye tó tọ́, kò sí ẹni tí yóò máa wá a kiri nítorí pé ó pọ́ọ́kú.

5. Ohun Tí Òfin Wí

Ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn kì í ṣe ilé. Kò dára kí ènìyàn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kò dára kí ó ra ìwé irọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ wa bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn ECOWAS, ẹni tó bá ti Ghana, Benin tàbí Togo wá gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ó bá fẹ́ dúró ju 90 ọjọ́ lọ, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Bákan náà ni fún wa bí a bá lọ sọ́dọ̀ wọn. Mali, Burkina Faso àti Niger ti kúrò nínú àjọ náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó ní ìbátan níbẹ̀ máa béèrè òfin kó tó rìn.

Ṣùgbọ́n òfin tó dára a máa fi àyè sílẹ̀ fún ènìyàn láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó fún ẹni tó ti lo ogún ọdún. Òfin tó fún ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ méjì kò fẹ́ kó gba ìwé. Ó fẹ́ kó sá.

6. Ohun Tí Ìwé Mímọ́ Fi Kọ́ Wa

Nínú ibi tí a kà, Rúùtù wá láti Móábù, ilẹ̀ tí àwọn ará Ísírẹ́lì kò fẹ́ràn. Opó ni, kò ní oko, kò ní ẹbí níbẹ̀ àyàfi Náómì. Iṣẹ́ tó rí ni pé kó máa ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn olùkórè. Ẹ wo ohun tí Bóásì ṣe. Ó béèrè ẹni tó jẹ́. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọkùnrin rẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ó ní kó mu nínú omi àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní kó jókòó bá wọn jẹun. Ó tún ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ já díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ǹjẹ́ oko Bóásì bàjẹ́? Rárá. Inú ìran obìnrin yìí ni Ọba Dáfídì ti jáde.

Òfin Mósè nínú Deutarónómì kò fi ọ̀yà àjèjì sílẹ̀ fún ojú àánú olówó. Ó pàṣẹ pé kí a san owó alágbàṣe ní ọjọ́ tó ṣiṣẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá wa, ìbáà jẹ́ àlejò. Ìdí tó fi lélẹ̀ ni pé tálákà ni, ọ̀yà náà ló gbójú lé. Léfítíkù sì rán àwọn ènìyàn náà létí pé àwọn pẹ̀lú ti ṣe àjèjì rí ní Íjíbítì. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà, àwa náà ní Íjíbítì tiwa.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ ká gbàgbé ẹni tó mú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wá sọ́dọ̀ wa. Láti Cape Coast, ní Gold Coast, ni Thomas Birch Freeman àti William de Graft ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Àjèjì ni wọ́n. Bí àwọn baba wa bá ti ní kí wọ́n padà, ta ni ìbá jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lónìí?

7. Nínú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Nínú ilé àwa tí a ń ka ìwé yìí, ọmọ ọ̀dọ̀ tó wá láti Benin tàbí Togo wà ní ilé ìdáná báyìí. Alágàáta kan ló mú un wá. Ta ni ń gba owó oṣù rẹ̀? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni a ń san án sí, tàbí alágàáta ló ń kó o lọ? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Ìgbà wo ló bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn? Láti ọdún 2003 ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà, ọdún náà ni wọ́n sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò. A kò lè máa gbàdúrà lòdì sí ìyẹn ní ìpàdé, kí a sì máa ṣe é nílé.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà ń kọ́? Àwọn kan nínú wọn ti kọjá ọjọ́ tí físà wọn fún wọn. Ní Britain, láti oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó bá gba òṣìṣẹ́ tí kò ní àṣẹ iṣẹ́ lè san ìtanràn tó tó 60,000 pọ́n-ùn lórí ẹnìkan ṣoṣo. Nítorí náà ẹni tó bá ṣì gbà wọ́n, abẹ́lẹ̀ ló ti ń gbà wọ́n, owó díẹ̀ ló sì ń san. Ìyá kan tó ń retí owó lóṣooṣù lè má mọ̀ pé ọmọ òun ń fọ àwo ní òru fún ìdajì ọ̀yà, kò sì lè ṣàìsàn. Ẹ má ṣe ti ọmọ jáde láìsí ìwé. Bí ó bá sì ti wà níbẹ̀, ẹ gbà á níyànjú kó lọ bá agbẹjọ́rò gidi, kì í ṣe oníjìbìtì. Ẹ sì sọ fún un pé, bí ó bá padà wálé lọ́wọ́ òfo, ọmọ yín náà ni.

Ohun tí a bá fẹ́ kí obìnrin kan ní London ṣe fún ọmọ wa, òun ni kí a ṣe fún ọmọ obìnrin tó wà ní Kútọnu.

Ìbéèrè Fún Ìjíròrò

1. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa, tàbí nínú ẹbí rẹ̀, ló ti Ghana padà ní 1969? Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rántí.

2. Kí ni ẹ rántí nípa oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983? Ǹjẹ́ ohun kan wà nílé yín tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń sá lọ?

3. Nínú àpẹẹrẹ bíríkìlà méjì, ta ló jèrè? Ta ló pàdánù? Ta ni a sábà máa ń bú?

4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó jí wọlé àti ẹni tí ọjọ́ ìwé rẹ̀ pé? Ṣé bákan náà ló yẹ kí a ṣe sí wọn?

5. Èwo nínú ohun tí Bóásì ṣe ni a kì í ṣe fún àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́?

Ohun Tí A Ó Ṣe Kí Ìwé Tí Ń Bọ̀ Tó Jáde

Kí olúkúlùkù tó ní òṣìṣẹ́ ilé, ọmọ ìsọ̀ tàbí alágbàṣe san owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó yẹ. Kí ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ àjèjì béèrè ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, bí kò bá sì ní, kó bá a lọ sí ọ́fíìsì Immigration láti mọ bí yóò ṣe gbà á. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá obìnrin àjèjì kan ní àdúgbò, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì pè é wá sí ìpàdé. Kí àwọn àgbà sọ ìtàn àpò náà fún àwọn ọmọ.

Ní tèmi, mo ti fi máṣìnnì ìyá mi fún ọmọbìnrin ará Togo kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní àdúgbò wa. Kò mọ ibi tó ti wá. Mo ṣì máa sọ fún un.

Àdúrà

Olúwa, ìwọ tí o ṣe àjèjì ní Íjíbítì nígbà tí o wà ní ọmọ ọwọ́, dárí jì wá níbi tí a ti rẹ́ aláìní jẹ. Fún ìlú wa ní iṣẹ́. Fún àwọn alákòóso wa ní ọgbọ́n láti ṣe òfin tó ní àánú nínú. Bójú tó àwọn ọmọ wa tó wà nílùú onílùú, kí o sì jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn rí ọwọ́ rẹ láti ọwọ́ wa. Àmín.